Ọdún Méjì Tí A Ní Kí Nọ́ọ̀sì Dúró

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì yín, mo sì mọ̀ pé èyí tó bá ti dárúkọ nọ́ọ̀sì, owó oṣù tàbí ìyanṣẹ́lódì ni ẹ ó rò pé ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń bá yín sọ ìyẹn wà. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sọ tiwọn ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2025, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ jákèjádò Nàìjíríà, gbogbo wa la sì gbọ́. Ohun tí èmi fẹ́ bá yín sọ kò lárìwo tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ta ló ń fà á lọ́wọ́ títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ iṣẹ́?

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ Nursing and Midwifery Council of Nigeria gbé ìlànà kan jáde. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àjọ náà jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tó gba láísẹ́ńsì rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta l'Ékòó àti l'Ábújá, wọ́n ní ẹ̀tọ́ àwọn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi kò bá wọn tú síta. Mo gbà pé ìlú tó náwó lórí ọmọ lè ní kí ó ṣe díẹ̀ fún òun kó tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ọmọ dúró, ó yẹ kó lè sọ ohun tí ọmọ ọ̀hún dúró ṣe. Ọdún méjì yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀? Àbújá ló ni ìlànà, ẹ̀yin lẹ ni wọ́ọ̀dù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, nítorí kì í ṣe ẹyọ kan. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 25 dé pẹ̀lú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n mú un yí wọ́ọ̀dù ká: fìríìjì òògùn rèé, ìwé ìròyìn rèé, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù òògùn tó lágbára wà lọ́wọ́ Sísítà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé iṣẹ́ alẹ́. Àwọn ọmọ kún wọ́ọ̀dù, méjì ń pín bẹ́ẹ̀dì kan nígbà òjò tí ibà bá gbòde, nọ́ọ̀sì méjì ló sì wà níbẹ̀: òun, àti ẹnì kejì tó fi oṣù díẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọ̀hún ti wà ní Manchester.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń pariwo lórí asán, ẹ wo jẹntamáísìnì, òògùn tí kò sí wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun tí wọn kì í ti lò ó. Ìgò abẹ́rẹ́ kékeré tí a sábà máa ń rí níbí jẹ́ mílígíráàmù 80 nínú mílílítà méjì, ìwọ̀n tó bá àgbàlagbà mu. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tó wọn kílò mẹ́ta nílò mílígíráàmù 15. Ìyẹn jẹ́ mílílítà 0.375. Ẹ mú síríǹjì mílílítà márùn-ún, kí ẹ wá 0.375 lára rẹ̀. Ẹ kò ní rí i, torí pé kò sí níbẹ̀. Síríǹjì mílílítà kan ni wọ́n fi ń wọn irú rẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ tán ní stóò. Nọ́ọ̀sì tó bá fa gbogbo inú ìgò náà ti fún ọmọ ní ohun tó ju ìlọ́po márùn-ún lọ, òògùn tó sì lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́ ni. Bí póìǹtì bá ṣí nípò lẹ́ẹ̀kan péré, ìlọ́po mẹ́wàá ló di.

Ti dírìpù náà tún wà níbẹ̀. Okùn dírìpù àgbàlagbà, ẹ̀kán 20 ló sábà máa ń pé mílílítà kan. Ti ọmọdé, ẹ̀kán 60 ni. Bí ti ọmọdé bá tán, tí wọ́n so ti àgbàlagbà mọ́ ọmọ ọdún kan, tí nọ́ọ̀sì tuntun sì ń ka ẹ̀kán bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé, omi tó ń wọ ara ọmọ yẹn ti di ìlọ́po mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ṣọ̀lẹ nínú wọn, kò sì sí ẹni tó hùwà ìkà.

Ẹ má sì sọ pé kò mọ ìṣirò. Ó mọ̀ ọ́n, ó yege ìdánwò rẹ̀. Nínú yàrá ìdánwò, iná wà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà níwájú rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù lóru, iná ti lọ, iná fóònù ló fi ń ríran, ọmọ kan ń jẹ́ gìrì ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá ọmọ mìíràn dì í láṣọ mú pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà fún ọmọ òun ti dúró. Níbẹ̀ ni 0.375 ti ń di nǹkan mìíràn. Télọ̀ tó gba ọmọ iṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn kì í gbé aṣọ òkè oníbàárà fún un láti gé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, aṣọ ṣeé rà padà.

Ojú tún wà, tí ìwé kò lè kọ́ni tán. Nọ́ọ̀sì tuntun máa ń sáré bá ọmọ tó ń ké. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yóò kọjá lára rẹ̀, yóò lọ bá èyí tó dákẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ pé ó ti rí oorun sùn. Yóò ṣí aṣọ rẹ̀ wò bóyá ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí. Yóò ka èémí náà fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò ní ka ìdajì kó sọ ọ́ di méjì. Ó mọ̀ lórí pé 60 ni ààlà fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 títí di ọdún kan, 40 títí di ọdún márùn-ún, pé ohun tó bá dé ibẹ̀ tàbí tó kọjá rẹ̀, èémí ọmọ yẹn ti yá jù. Nọ́ńbà wọ̀nyí wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ fún ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni lè há a sórí. Ṣùgbọ́n kí ojú ẹni ṣí sí ọmọ tó dákẹ́, ẹnìkan ní láti dúró tì ọ́, kó sọ pé, "Wò ó, èyí ni kó o kọ́kọ́ lọ bá."

Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade ti ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní ilé ìwòsàn 12 ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Ọ́síjìn ni wọ́n fẹ́ mú dára sí i fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n fún àwọn ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi há ìka tàbí ẹsẹ̀ ọmọ láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ní lílò rẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ wò wọ́n. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà kò wọ́pọ̀ rárá. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá wọlé. Ibi tó yẹ kí ẹ̀yin tó ń fọwọ́ sí owó dúró lé nìyí: ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ ìka yẹn dáadáa ni ikú àwọn ọmọ tó ní òtútù àyà dín kù. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ńlá tí wọ́n wá fi kún un lẹ́yìn náà kò fi hàn kedere pé òun tún dín in kù sí i. Mi ò sọ pé kí ẹ má ra ẹ̀rọ ọ́síjìn o, ẹ rà á. Mò ń sọ pé nọ́ọ̀sì tó mọ ọmọ tó yẹ kí a gbé e fún, tó sì mọ̀ ọ́n lásìkò, òun ni iṣẹ́ náà dúró lé lórí.

Ẹ tún wo iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà. Ní ọdún 2018, ọmọ 132 nínú ẹgbẹ̀rún tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ló ń kú kó tó pé ọdún márùn-ún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láti 2023 sí 2024 sọ pé ó ti di 110. Ó dín kù, a dúpẹ́, tiwa ní apá ibí sì kéré ju ti òkè Ọya lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, 39 nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ní 2018, 41 ni wọ́n nígbà tí wọ́n tún kà á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọ̀n ẹ̀fọn lè gba ọmọ ọdún méjì là láìjẹ́ pé ó rí nọ́ọ̀sì lóru. Ọmọ ọjọ́ méjì tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń mú un gbóná, tó ń fún un ní wàrà ní mílílítà mẹ́ta-mẹ́ta, tó ń wò ó bóyá ó ti gbàgbé láti mí, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni.

Àwọn ará ìlú sì ń sọ pé nọ́ọ̀sì le, pé ẹnu wọn mú. N kò ní bá wọn jiyàn. Ohun tí mo ti rí fún ìgbà pípẹ́ ni pé ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ẹnu líle yẹn. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ kò tíì dá lójú kì í fẹ́ kí ìyá ọmọ bi í ní ìbéèrè kejì. Màmá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé lóru nítorí gìrì. Ó ti fún un ní àgbo, ó ti fi àdín pa á lára, bóyá ó tilẹ̀ ti ro ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ariwo pàdé rẹ̀, yóò sẹ́ kanlẹ̀. Bí ó bá sì sẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn lè ti lọ sílẹ̀ pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn òru, ẹ kú ìrọ́jú. Kí lẹ ti fi ràn án lọ́wọ́ nílé kí ẹ tó gbé e wá?" Màmá yóò sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì rí kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yìn àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ọmọ tún ń kú. Nọ́ọ̀sì tuntun tí mò ń sọ yìí yóò yọ abẹ́rẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọ, yóò nù ún, yóò dì í, yóò dúró ti ìyá rẹ̀ tó ń fi ara nalẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ gbá a létí. Ìyẹn kì í ṣe tuntun ní wọ́ọ̀dù wa. Lẹ́yìn náà ni òògùn aago mẹ́rin ìdájí dé fún àwọn tó kù. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa bi í ni pé, "Ta ló fún un lóògùn kẹ́yìn?" Ìbéèrè náà dára, ó yẹ kí a bi í. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò kí i ní ẹ kú àdánwò. Kò sí ẹni tí yóò bá a jókòó kí wọ́n jọ wò ó: èyí ni o ṣe dáadáa, èyí ni a ì bá ti pe dókítà sí ní wákàtí kan ṣáájú, èyí kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Àwọn tó fi wọ́ọ̀dù ọmọdé sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn láàárín ọdún àkọ́kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ òru kan fún yín kí wọ́n tó dárúkọ owó.

Wọ́n á ní àwọn òyìnbó ló ń ṣe irú nǹkan tí mò ń bèèrè yìí, pé kí àgbà máa kọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ti ṣe é rí níbí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Imẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ọwọ̀n iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń fún un lóògùn, tí wọ́n sì ń sàmì sí káàdì ìdàgbàsókè tí ìyá ń mú lọ sílé. Káàdì yẹn ti kárí ayé. Imẹ̀sí-Ilé ló ti lọ. Ohun tó sì jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yẹn. L'Ékòó pẹ̀lú, ẹni tó jókòó sórí àga Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìlera ní àwọn ọdún 1970, nọ́ọ̀sì ni: Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe métírọ́nù ní UCH. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ga ju nọ́ọ̀sì lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, ìtọ́jú ọmọdé jẹ́ ẹ̀ka tó dá dúró tí nọ́ọ̀sì ń forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹni tuntun níbẹ̀ máa ń ní àgbà kan tí wọ́n fi tì í, tí wọ́n ń pè ní preceptor, àjọ wọn sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2020. Kì í ṣe ọ̀run rere. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń sọ pé àgbà náà kì í ráyè nígbà mìíràn, pé iṣẹ́ pa á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Nígbà mìíràn pàápàá, ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Abẹ́òkúta ni àgbà ọ̀hún, tó ń fi ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ wa tọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀, èyí àkọ́kọ́ nìkan ló nira. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má ka nọ́ọ̀sì tuntun mọ́ iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ẹ má sì jẹ́ kí òun àti ẹni tuntun bíi tirẹ̀ nìkan wà níbẹ̀ lóru. Kí àgbà kan, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, dúró tì í, kí ẹ sì san owó díẹ̀ fún àgbà náà lórí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí kò lówó nínú ni ẹnikẹ́ni máa ń kọ́kọ́ pa tì.

Ẹ ó ní kò sí ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà nílé. Òfin ọgọ́ta ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ wa jáde, orí wa kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kì í ṣe kí a máa gbé aláìsàn, kí a kàn máa dúró ti àwọn ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé mo ń wá iṣẹ́ fún ara mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fojú fo ìyẹn. Fún àwọn òru tí a kò sí, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù kan wà lára ògiri, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò gbé ní aago mẹ́ta òru láìbínú.

Ẹ tún bá wa dá ìṣípòpadà dúró. Nọ́ọ̀sì tó fi ọdún kan gbáko lọ kọ́ ìtọ́jú ọmọdé kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí i ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, níbi tó ti ń pe nọ́ńbà káàdì. Ta ló gbé e síbẹ̀? Ìwé ìṣípòpadà tí ẹnìkan fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì, láìwo ohun tó kọ́.

Síríǹjì mílílítà kan, òṣùwọ̀n tí kò purọ́, ẹ̀rọ ìka fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, àti bébà ńlá lára ògiri tó kọ ìwọ̀n òògùn kọ̀ọ̀kan sí kílò ọmọ: n kò ní gùn lé èyí, owó oúnjẹ ìpàdé kan ló ń rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ kíkọ́ nọ́ọ̀sì tuntun di sẹ́mínà. Mo mọ sẹ́mínà. Òtẹ́ẹ̀lì ni, báàgì tí wọ́n tẹ àwòrán Gómìnà sí ni, ráìsì àti ẹran adìẹ ni, àwọn métírọ́nù tó ku ọdún kan kí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n sì máa ń pè lọ síbẹ̀. Ẹni tuntun ti wà ní wọ́ọ̀dù, òun ló ń ṣiṣẹ́ dípò wọn lọ́jọ́ náà.

Èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín jù lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ gba nọ́ọ̀sì, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ yóò jáde láti ọ́fíìsì yín. Ó máa ń kọ orúkọ, ìpele owó oṣù, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé onítọ̀hún lọ. Ẹ fi ìlà kan kún un fún àwọn tó ń lọ sí wọ́ọ̀dù ọmọdé: orúkọ àgbà tí yóò dúró tì í, àti ọjọ́ tí ó tó lè ṣe iṣẹ́ alẹ́ láìsí i. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan kọ sí ìlà náà, ẹ má tíì fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì ọmọdé kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn